Àwọn Àlejò Lọ́ńdọ̀nù Tí Wọ́n Di Olórí Orílẹ̀-Èdè

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Síbẹ̀ àwọn àlejò kan gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù rí, láàrin ọdún 1921 sí 1956, tí wọ́n fi ojú wọn ríran dáadáa. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n. Yàrá kékeré ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, òtútù ń mú wọn, owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láàrin wọn ni a ti rí àwọn tí ó di Ààrẹ àti Olórí Ìjọba ní Gánà, ní Kẹ́ńyà, ní Màláwì, ní Bòtswánà àti ní Nàìjíríà wa. A fẹ́ sọ ìtàn wọn ní ṣókí fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Kì í ṣe kí a lè yìn wọ́n nìkan, bí kò ṣe kí a lè bi ara wa ní ìbéèrè kan: ẹni tí a ti fi ìyà jẹ ní ilẹ̀ àjèjì, ǹjẹ́ ó máa ń rántí ìyà náà nígbà tí ó bá gun orí àpèrè?

Kí ni ó kó wọn jọ sí ìlú kan ṣoṣo? Ohun méjì ni. Èkíní, ẹ̀kọ́ ni. Ní ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ di lọ́yà ní Èkó tàbí ní Accra ní láti sọdá òkun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Ìlú Ọba. Èkejì, Lọ́ńdọ̀nù ni agbára wà. Gómìnà tí ń bẹ ní Èkó, ìránṣẹ́ ni. Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tí ó rán an ń gbé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá ọba rojọ́, ààfin ni yóò lọ, kì í ṣe ẹnu ibodè.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé ààfin náà kò rí ibi sùn. Púpọ̀ nínú àwọn onílé kò fẹ́ gba ènìyàn dúdú sí yàrá wọn. Bí ọmọ Áfíríkà bá kan ilẹ̀kùn, wọn a ní ilé ti kún, bí yàrá tilẹ̀ ṣófo. Ìbáà ṣe ọmọ ọba, ìbáà ṣe ọmọ àgbẹ̀, àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n ń wò. Ọmọ Yorùbá kan sì ni ó dìde láti wá oògùn sí ìṣòro yìí.

Ládìípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó dé Ìlú Ọba ní 1922 láti kọ́ òfin. Ní 1924, nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ará Nàìjíríà, kò dákẹ́. Ó fi kálámù fèsì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa kò lè ṣàì gbọ́ wàásù nínú orúkọ náà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1926, Wãsù ni wọ́n pè é. Láti 1929 dé 1932, Ṣólàńkẹ́ rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń bá àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, ó ń tọrọ owó láti fi dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1933 a ṣí ilé náà ní àdúgbò Camden.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni ilé yìí. Ní ilé baba wọn, ọmọ Ẹ̀gbá kò mọ ọmọ Fante, ọmọ Gambia kò sì mọ ọmọ Sàró. Ní Camden, wọ́n jọ jókòó ti tábìlì kan náà, wọ́n sì jọ ń jiyàn bí a ó ti ṣe ìjọba ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìrànlọ́wọ́ láti ṣí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1934, tí a sọ ní orúkọ Aggrey, WASU kò gbà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n bẹ̀rù pé ẹni tí ó fún ènìyàn ní ibùsùn yóò fẹ́ mọ ohun tí ó ń rò lórí ibùsùn náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú àwọn àlejò náà. J. B. Danquah ti Gold Coast wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe WASU. Ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ní University College ní 1927. Jomo Kenyatta dé ní 1929, àwọn Kikuyu ni ó rán an láti wá rojọ́ nípa ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ wọn. Ó padà lọ, ó tún wá ní 1931, kò sì tún fojú kan ilé mọ́ títí di 1946. Ó gbé òpópónà Cambridge ní Pimlico, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Malinowski, ó sì kọ ìwé kan nípa àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1938. Kwame Nkrumah ti Amẹ́ríkà dé ní 1945, ó sì gbé òpópónà Burghley títí di 1947. Dókítà Hastings Banda ń wo aláìsàn ní ìhà àríwá ìlú náà láti 1945 títí di 1953. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wá gba oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun; bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ilé rẹ̀ a di ibi ìpàdé fún àwọn ọmọ Áfíríkà.

Àwọn tiwa náà wà níbẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1944 dé 1946. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Ní ìgbà kan náà, olùkọ́ ilé-ìwé kan láti Bauchi wà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sí i. Abubakar Tafawa Balewa ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Olórí Ìjọba Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyà Seretse Khama yàtọ̀ sí ti àwọn tí a ti kà. Àrólé oyè àwọn Bamangwato ni, ó wá kọ́ òfin, ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ruth Williams. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéyàwó ní 1948, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ kí a so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i, nítorí náà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kensington ni a ti so wọ́n pọ̀. A kò fi èyí pa mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjọ tiwa. Ìtàn tí ó bá bo àléébù àwọn ará ilé mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ bí àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà nínú. Ní 1950 wọ́n pe Seretse wá sí Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni tí a fẹ́ bá gbìmọ̀. Nígbà tí ó dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà. Títí di 1956 ni ó fi jẹ́ ìgbèkùn pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ sí ilé gẹ́gẹ́ bí ènìyàn lásán, láìní oyè.

Nígbà tí àwọn àlejò wọ̀nyí dé ilé, ẹ̀wọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ki púpọ̀ nínú wọn. A ti Nkrumah mọ́lé ní 1950, Kenyatta ní 1952, Banda ní 1959. Wọ́n sì ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n jáde wá sí orí àga. Gánà gba òmìnira ní 1957, Kẹ́ńyà ní 1963, Màláwì ní 1964. Ayọ̀ ńlá ni. A kò sì sọ pé wọn kò ṣe rere: a kọ́ ilé-ìwé, a la ọ̀nà, a ta àsíá tuntun.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 1958 Nkrumah gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ kí a lè ti ènìyàn mọ́lé láìṣe ẹjọ́. Òfin yìí ni a fi mú Danquah, ẹni tí ó ti wà nínú WASU kí Nkrumah tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó pe Nkrumah wá sílé ní 1947. Ní oṣù Fébúárì, ọdún 1965, Danquah kú sí ẹ̀wọ̀n Nsawam. Kenyatta, tí ó ti jẹ ìyà àtìmọ́lé, fi Oginga Odinga sí àtìmọ́lé ní 1969. Banda sọ ara rẹ̀ di Ààrẹ títí ayé ní 1971, kò sì kúrò lórí oyè títí àwọn ènìyàn fi dìbò lé e lọ ní 1994. Ní ilẹ̀ wa, Awólọ́wọ̀ àti Balewa jọ rí òtútù Lọ́ńdọ̀nù kan náà ní 1945. Ní 1963, nígbà tí Balewa ń ṣe Olórí Ìjọba, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní oṣù Jánúárì, ọdún 1966, àwọn ológun pa Balewa.

Seretse ńkọ́? Ó di Ààrẹ Bòtswánà ní 1966. Ó dìbò pẹ̀lú àwọn alátakò rẹ̀ ní 1969, ní 1974 àti ní 1979, kò sì fi òfin de ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí a tàn jẹ, tí a lé kúrò nílùú, tí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ti ilẹ̀kùn mọ́, kò fi ìyà náà san án fún ẹlòmíràn títí ó fi kú ní 1980.

Nítorí náà, ìyà nìkan kò kọ́ ènìyàn ní àánú. Lọ́ńdọ̀nù kọ́ wọn bí a ti ń béèrè ẹ̀tọ́ ẹni. Bí a ti ń fi ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó ń takò wá, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ náà, ẹlòmíràn sì wà tí kò kọ́ ọ. Ẹ̀yin olùkọ́, inú kíláàsì yín ni ẹ̀kọ́ yìí ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣe àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó borí tẹ́tí sí ẹni tí ó pòfo. Bí ẹ bá yan ọmọ kan ṣe olórí kíláàsì, ẹ kọ́ ọ pé kí ó má ṣe fi pàṣán gbẹ̀san lára ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti Ṣólàńkẹ́, kò jọba, kò ṣe Ààrẹ. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn tí ó jókòó lórí àga, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn ní orúkọ ẹni tí ó wá ilé fún àlejò pẹ̀lú.