Ta Ló Ń Jẹ Ènì Oníbàárà Àtijọ́?

Ní ọjà Owódé Ẹ̀gbá, bó ṣe rí ní ọjà yòówù nílẹ̀ Yorùbá, oníbàárà yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan láti ọdún mẹ́ta mọ̀ pé tí ìyá bá ti wọn kóńgò tán, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí lè má rí i gbà, àfi tó bá bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu, nígbà náà, láti gbọ́ pé òwò kan wà tí wọ́n ti dorí ètò yìí kodò: àlejò ni wọ́n ń fún ní ènì, ọwọ́ oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n sì ti ń gba owó rẹ̀. Òwò ìnṣúránsì mọ́tò ni, nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ilé.

Ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange Assurance ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Nígbà tó di 1945, ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò sójú títì gbọ́dọ̀ ní third party, ìyẹn ìnṣúránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí mọ́tò rẹ bá pa tàbí tó ṣe léṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú òfin yìí fún ara wọn ní 1930. Ara àti ẹ̀mí ni òfin tiwa ń rò. Òfin ìnṣúránsì ọdún 2003 ló fi dúkìá ẹlòmíì kún un, ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà.

Iye tí à ń san fún third party kì í ṣe ohun tí à ń ná. Fún ọdún gbọọrọ, ₦5,000 ni fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣúránsì, sọ ọ́ di ₦15,000, wọ́n sì gbé owó dúkìá tí ilé-iṣẹ́ lè san dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san ₦5,000, ọ̀kadà ₦3,000. Bóyá ọdún mẹ́wàá lo ti fi wakọ̀ tí o kò ha ẹnikẹ́ni lára, bóyá àná lo gbé Tòkunbọ̀ rẹ dé, iye kan náà ni.

Ẹ sì wo bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ra á ní Mowe, Ibafo àti Ifo. Wọ́n á kó owó fún ẹnì kan tó ń bá èèyàn ṣe pátíkúlà, á bá wọn ṣe gbogbo ìwé mọ́tò pọ̀, wọ́n á sì kó o sínú mọ́tò láì yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ìwé ìnṣúránsì lè yí padà lọ́dọọdún. Oníbàárà ẹni tó ń ṣe ìwé ni wọ́n. Lójú ilé-iṣẹ́ ìnṣúránsì, àlejò ni wọ́n lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n tó ń wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn á sì rí i pé ayédèrú ni ìwé ọ̀hún. (Ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò máa yẹ ìwé yìí wò lójú títì láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025. Ẹ tètè yẹ tiyín wò lórí NIID, àkójọ ìwé ìnṣúránsì orí íntánẹ́ẹ̀tì.)

Comprehensive ló yẹ kó ní ènì. Tí o kò bá béèrè owó ìjàǹbá láàárín ọdún, ilé-iṣẹ́ máa ń dín owó ọdún tó ń bọ̀ kù fún ọ. Ṣùgbọ́n òfin 2023 yẹn náà sọ pé, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó, owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́jọ, ₦400,000, ó parí. Mo mọ ohun tó fà á: àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń bára wọn já owó lulẹ̀, owó tí wọ́n máa fi san ìjàǹbá sì ń tán lọ. Síbẹ̀, ènì tí kò lè kọjá ibì kan, ta ló máa dúró dè é?

Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá iye owó lé wọn. Ní 1985, Direct Line bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìnṣúránsì lórí fóònù, láì lo alágbàtà. Ní 2002, Confused.com dé: o tẹ nọ́ḿbà mọ́tò rẹ sí i, iye owó ilé-iṣẹ́ púpọ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni ìjà le. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sí lókè pátápátá nínú àwọn tó rọjú kò ní rí ẹni rà á. Ni wọ́n bá ń fa àlejò wọlé pẹ̀lú iye pọ́ọ́kú, nígbà mìíràn pẹ̀lú àdánù pàápàá, kí wọ́n tó máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé owó náà sókè ní gbogbo ìgbà tó bá tún ìwé ṣe. Wọ́n ń pè é ní price walking.

Èmi tí mo ń fi sọ́fítíwíà jẹun lè sọ fún yín pé kò le láti kọ. Nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò. Èkíní, ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹni yìí ní ìjàǹbá? Ìyẹn tọ́. Èkejì, tí a bá fowó kún un, ṣé yóò lọ? Èyí kò kan bí èèyàn ṣe ń wakọ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó kọ "fìyà jẹ àgbàlagbà" sínú kóòdù, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ orí ti dé sí, ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, ẹni tó kàn gbẹ́kẹ̀ lé wọn, àwọn ni kì í lọ. FCA, àjọ tó ń ṣọ́ òwò owó níbẹ̀, ṣírò pé ní 2018, mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn ló ń san àsanjù lórí ìnṣúránsì ilé àti mọ́tò, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó pọ́n-ùn bílíọ̀nù 1.2.

Ní 2017, wọ́n kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ìwé ìtúnṣe máa fi iye tí èèyàn san lọ́dún tó kọjá hàn. Kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ẹgbẹ́ Citizens Advice gbé ẹ̀sùn lọ bá ìjọba. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, FCA fòfin dè é: oníbàárà àtijọ́ kò gbọdọ̀ san ju iye tí wọ́n máa sọ fún àlejò tó dà bíi rẹ̀. Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn. Àwọn tó ń sá láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn lọ́dọọdún pàdánù ènì wọn, nígbà tí owó sì gòkè ní 2022 àti 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ ní owó àtúnṣe mọ́tò ló wọ́n.

Níbí, ìdá márùn-ún NAICOM sọ ibi tí owó kò gbọdọ̀ já sí. Kò sọ pé ẹni méjì tó ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san iye kan náà. Ìnṣúránsì sì ti wà lórí áàpù báyìí, àkọsílẹ̀ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń dúró ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Tí ìwé ìtúnṣe comprehensive rẹ bá dé lọ́dún yìí, kó o tó sanwó, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá ilé-iṣẹ́ yẹn bí àlejò, fi irú mọ́tò kan náà béèrè iye rẹ̀, kó o sì gbé méjèèjì síwájú wọn.