Àwọn Tí Ó Wá Ògo Bàbá Wa Lọ sí Íjíbítì

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi í ránṣẹ́ sí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun tìkára rẹ̀ sùn ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó tọ́ kí a rántí làálàá yìí kí a tó wí ohun tí a fẹ́ wí.

Nígbà náà, òyìnbó púpọ̀ ń wí pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Ní Íńdíà, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà, Dayananda Saraswati, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Arya Samaj sílẹ̀ ní 1875, kọ́ni pé inú Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ ti àwọn Híńdù, ni ìmọ̀ òtítọ́ gbogbo wà. Ẹni tí a bá kẹ́gàn bàbá rẹ̀ lójú ọjà kò lè ṣàì ki bàbá náà. Ní Èkó pẹ̀lú, ní 1894, David Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti lọ wá ògo náà? Johnson gbà pé apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni àwọn bàbá ńlá wa ti wá. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ti Íjíbítì àtijọ́, láti fi hàn pé ibẹ̀ ni ìsìn wa ti ṣẹ̀. Ìjọra ohùn ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè kò sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1938, a ti hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn!

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìbàràpá. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn àtijọ́, nítorí náà ojú ààfin ni ó fi wo ayé. Èrúwà, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàngàn: èwo nínú ìlú méje wọ̀nyí ni yóò rí ara rẹ̀ ní Nubia? Ẹni tí ogun lé dé, ẹni tí a tà, ẹni tí ó rà á, oríkì ìdílé ni ó mọ̀ wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn-ún gbọ́.

Johnson kò sì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Nígbà ogun Kírìjì, kí a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, òun wà nínú àwọn tí ń gbé iṣẹ́ lọ sí ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀. Ìlú tí a sun, ẹrú tí a kó, ọ̀tẹ̀ àwọn ìjòyè, ó kọ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn ń padà sí jùlọ nínú ìwé náà títí di òní.