Bí Ẹrù Wúwo Ṣe Di Ohun Ìdárayá Sójà

Ohun tí wọ́n ti kọ lórí bí ọmọ ogun ṣe ń wá agbára sára kò kéré, àmọ́ ó fọ́n káàkiri. Ti Róòmù wà lọ́wọ́ àwọn onítàn, ti irin gbígbé wà lọ́wọ́ àwọn dókítà, èkíní kì í sì í ka ìwé èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi ṣà wọ́n jọ.

Vegetius, ará Róòmù, ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ó ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ogun máa rin máìlì Róòmù 20, bíi kìlómítà 30, láàárín wákàtí 5, kó sì kọ́ bí wọ́n ti ń ru ẹrù tó sún mọ́ kílò 20. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, yóò máa kọjú ìjà sí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Idà igi àti asà híhun ni yóò lò, ìwọ̀n wọn á sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojúlówó, kí ojúlówó lè fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Àwọn kan ní ká má fọkàn tán an, pé inú ìwé àwọn aṣáájú rẹ̀ ló ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà jẹ́wọ́ rẹ̀, ó dárúkọ Cato àti Frontinus. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àṣà náà ti wà kí wọ́n tó bí i.

Láàárín ìgbà Vegetius sí ọdún 1813, tí Ling, ará Sweden, dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm, nǹkan díẹ̀ ni mo rí kọ.

Lọ́dún 1860, ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì rán sójà 12 lọ bá Archibald Maclaren, tó ní ilé ìdárayá ní Oxford. Ó wọn ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Gbogbo wọn ló tẹ̀wọ̀n sí i. Àyà àti apá àwọn kan tóbi débi pé wọn ò lè dá kóòtù ológun wọn wọ̀ mọ́.

Ogun àwọn Boer, tí Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà, ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìwé kan ní 11,000 ọkùnrin ló yọjú ní Manchester lọ́dún 1899, òmíràn ní 12,000. Méjèèjì ní 8,000 ni wọ́n dá padà pé ara wọn ò gba iṣẹ́ ogun. Àwọn èèyàn figbe ta pé ìran Gẹ̀ẹ́sì ti ń jó àjórẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré wọṣẹ́ ológun nígbà náà? Àwọn tí kò níṣẹ́, tí ebi ń pa, láti àdúgbò àwọn tálákà ni. A ò lè fi wọ́n díwọ̀n odindi orílẹ̀-èdè. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó jábọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1904 kò rí ẹ̀rí pé ìran náà ń bàjẹ́. Àmọ́ ebi wà lóòótọ́: nígbà tó di 1906, òfin fàyè gba oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé tí ebi ń pa.

Ilé ìwòsàn ni ẹrù wúwo ti padà wọ ìdárayá sójà, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí irin gbígbé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Amẹ́ríkà tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ kún ilé ìwòsàn Gardiner ní Chicago, ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn ṣe. Dókítà Thomas DeLorme, tó ti fi irin gbígbé gba okun padà lẹ́yìn àìsàn nígbà èwe rẹ̀, ò fara mọ́ ọn. Ó mú bàtà irin, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn tó jókòó sí etí tábìlì, ó fi irin sí i, ó ní kó na orúnkún náà tán, kó ká a padà, nígbà 10, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń lágbára ni irin ń pọ̀ sí i. Ọdún 1945 ló kọ àbájáde rẹ̀ jáde. Ìpele 7 sí 10, mẹ́wàá mẹ́wàá, ló kọ́kọ́ ń lò. Lọ́dún 1948, òun àti Watkins ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín in kù sí 3: ìdajì ẹrù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta lónìí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ìdánwò tí àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 kò ní irin kankan nínú: puṣ-ọ́ọ̀pù, dídìde jókòó láti ìdùbúlẹ̀ àti eré máìlì 2 ni. Ọdún 2022 ni èyí tó ní irin gbígbé nílẹ̀ àti ẹrù fífà rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n yọ bọ́ọ̀lù jíjù kúrò nínú rẹ̀. Irin gbígbé ṣì wà níbẹ̀.