Bí A Ṣe Lè Rí Ẹgbẹ́ Tó Ń Ran Àwọn Tí Ọtí Ti Di Bárakú Fún Lọ́wọ́

Ọtí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. A ń gbé e síwájú àlejò, a sì ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ife ẹmu kan lọ́jọ́ àríyá lè di ẹni tí kò lè kúrò nílé láàárọ̀ láìkọ́kọ́ mu paraga. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìwà lásán. Ó ti di àìsàn tó ní ìtọ́jú. A kọ àlàyé yìí fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ àti fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Àwọn àmì tó yẹ kí a kíyè sí

Bí ẹnì kan bá ti gbìyànjú láti dín ọtí kù tí kò ṣeé ṣe, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu, bó bá ń fi ọtí pamọ́ fún ìyàwó tàbí ọkọ, tàbí bí owó iléèwé ọmọ bá ń bá ọtí lọ, àkókò tó láti wá ìrànlọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà

Ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí ìtọ́sọ́nà dókítà. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, ara lè máa gbọ̀n, òógùn lè bò ó, gìrì lè mú un, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí lè pa ènìyàn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń mu láìfi nǹkan pamọ́. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1954, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn àti ọtí ti di bárakú fún.

Kí ni ẹgbẹ́ náà?

Ìtọ́jú ilé ìwòsàn a máa fọ ọtí kúrò lára, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ọlọ́tí kò kúrò ládùúgbò. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, tí àwọn ọkùnrin méjì dá sílẹ̀ ní ìlú Akron, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀mùtí bá ń bá ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àwọn méjèèjì lè yẹra fún ìgò. Ẹgbẹ́ náà kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run nínú ìlànà 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ìjọ. Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè wá.

Bí a ṣe lè rí i

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú yín, tàbí ní ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn aráàlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹni tí ibi ìpàdé jìnnà sí lè bá àwọn tó ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàdé láti orí fóònù. Ẹ béèrè ọjọ́, wákàtí, èdè tí wọ́n ń sọ, àti bóyá ará ilé lè bá yín wọlé. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, tí wọ́n ń nà án, tàbí tí wọ́n ń febi pa á, kì í ṣe ibi ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ṣe mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

A mọ̀ pé ìtìjú ni í dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ kan péré ni ẹ nílò láti sọ, kò sì sí ẹni tí yóò fi dandan mú yín sọ̀rọ̀. Ẹ lè jókòó kí ẹ kàn gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó pin sí. Ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹ tó pinnu bóyá ó bá yín mu.

Bí ẹnì kan bá tún mu lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí ó padà sí ìpàdé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ó wo ohun tó gbé e ṣubú: ọ̀rẹ́ ni, ọjọ́ owó oṣù ni, àbí ìbànújẹ́?

Fún àwọn ará ilé

Èébú àti ìkìlọ̀ gbígbóná kì í sábà mú ènìyàn jáwọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ má sì máa san gbèsè ọtí rẹ̀. Àwọn ìdílé náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Bó bá ń lu yín tàbí lu ọmọ, ààbò yín ló ṣáájú; ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A rọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn láti sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí.