Ọmọ Tó Ra Ìyá Rẹ̀: Ìtàn Southwestern Bell

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan tó fi ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas ṣe ibùjókòó parí ètò ríra AT&T. Lójú ẹsẹ̀ ló bọ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì gbé orúkọ ẹni tó rà wọ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé òwò lásán ni. Ṣùgbọ́n AT&T yìí ni ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1984 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tí ilé-ẹjọ́ sì fi àṣẹ pààlà sí àárín wọn.

Missouri and Kansas Telephone Company ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí ní ọdún 1882. Nígbà tó yá, ó di Southwestern Bell, ó sì ń fi waya so ilé mọ́ ilé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún: Texas, Missouri, Kansas, Oklahoma àti Arkansas. Ìyá ló ń ṣe ẹ̀rọ, òun náà ló ń gbé ìpè ọ̀nà jíjìn. Irú àwọn ọmọ bí i Southwestern Bell ló ń dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ìjọba gbà kí ìdílé yìí nìkan máa ṣe òwò náà níbi tó bá wà, bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí alábòójútó máa díwọ̀n owó tí wọ́n ń gbà. Láti ọdún 1934 ni àjọ FCC ti ń mójú tó ìpè tó kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ti abẹ́lé sì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Texas pẹ́ púpọ̀ kó tó ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1975, ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ń dá jókòó ti Southwestern Bell láti dúnàádúrà lórí iye owó tẹlifóònù. Bí ìlú kékeré kan tí kò ní oníṣirò tirẹ̀ yóò ṣe borí nínú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ló yé.

Ní Texas yìí kan náà ni ògiri ti kọ́kọ́ lanu. Ọ̀gbẹ́ni Thomas Carter, ará Dallas, ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó so rédíò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko àti níbi ìwakùsà epo mọ́ tẹlifóònù, kí ẹni tó wà níbi tí waya kò dé lè bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní kò sí ohun àjèjì tó gbọ́dọ̀ kan waya àwọn, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ àwọn oníbàárà tó ra ẹ̀rọ náà. Carter gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1968, FCC dá a láre. Láti ìgbà náà ni oníbàárà ti lè so ẹ̀rọ tó rà fúnra rẹ̀ mọ́ waya, bí kò bá ti lè ba nǹkan jẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ pe AT&T lẹ́jọ́ ní ọdún 1974, pé ó ń fi agbára tó ní lórí waya abẹ́lé dí àwọn olùdíje lọ́nà. Ní ọdún 1982, àwọn méjèèjì fẹnu kò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1984, àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé 22 di ẹgbẹ́ méje tó dá dúró, Southwestern Bell sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ìyá mú ìpè ọ̀nà jíjìn, ilé ìṣẹ̀rọ àti ibùdó ìwádìí Bell Labs. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló mú ẹran, tó sì fi eegun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Adájọ́ Harold Greene, tó ń bójú tó àdéhùn náà, ló rí i dájú pé ìwé atọ́nà ìpolówó ọjà tó ń mówó wọlé kò bá ìyá lọ. Iṣẹ́ fóònù alágbèéká náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n a kò gbà wọ́n láyè láti máa gbé ìpè ọ̀nà jíjìn, tàbí láti máa ṣe ẹ̀rọ.

Southwestern Bell kò jókòó tira. Ní ọdún 1987, ó ra iṣẹ́ fóònù alágbèéká Metromedia, èyí tó gbé e wọ àwọn ìlú ńlá tí kì í ṣe agbègbè rẹ̀ rárá. Edward Whitacre, ẹni tó ti wà nínú ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún 1963, di ọ̀gá àgbà ní ọdún 1990. Lọ́dún yẹn, wọ́n bá Carlos Slim àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Faransé dòwò pọ̀ láti ra ìpín nínú Telmex, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba Mexico. Láìpẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ yí padà sí SBC.

Nígbà tó di ọdún 1996, òfin tuntun gba ipò àdéhùn Greene. Òfin náà ní ọmọ lè gbé ìpè ọ̀nà jíjìn ní agbègbè rẹ̀, bó bá ti lè mú àwọn ohun 14 ṣẹ tó fi hàn pé ó ti ṣílẹ̀kùn fún olùdíje. SBC kò fẹ́ dúró. Ó pe òfin náà lẹ́jọ́, adájọ́ kan ní Wichita Falls ní Texas sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1997 pé òfin kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ kan kó máa fìyà jẹ wọ́n. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 2000 ni SBC tó rí àṣẹ gbà fún Texas.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ọmọ má ra ọmọ. SBC ra Pacific Telesis ní ọdún 1997 àti Ameritech ní ọdún 1999. Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 1997 pé SBC àti AT&T fẹ́ dà pọ̀, Reed Hundt, alága FCC, sọ ní gbangba pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rò. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Lórí Ameritech, FCC fi àdéhùn 30 dè é, títí kan pé kó lọ bá àwọn mìíràn díje ní ọjà 30 tó wà lẹ́yìn agbègbè rẹ̀. Ní ọdún 2002, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là lé e pé ó rú ọ̀kan nínú wọn. Fún ilé-iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, owó iyọ̀ ni.

Ẹran tí ìyá mú sì ti ń jẹrà. Olùdíje pọ̀ nínú ìpè ọ̀nà jíjìn, owó rẹ̀ já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpè kankan kò lè dé etí ẹni tí wọ́n ń pè nílé láìgba orí waya abẹ́lé, tí AT&T ní láti sanwó fún. Eegun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ni gbogbo òwò náà rọ̀ mọ́. Bílíọ̀nù 16 dọ́là ni SBC fi ra ìyá rẹ̀, FCC sì fọwọ́ sí i. Ní òpin ọdún 2006, ó ra BellSouth ní bílíọ̀nù 86. Mẹ́rin nínú ọmọ méje ti wà lábẹ́ òrùlé kan.

Ohun tó kù lọ́wọ́ alábòójútó ni waya náà. Ní ọdún 2023, AT&T bẹ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ California pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀ranyàn láti fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní agbègbè rẹ̀ ní tẹlifóònù. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn ará abúlé orí òkè jáde wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, pé fóònù alágbèéká kì í gbé níbi tí àwọn ń gbé, àti pé nígbà tí iná bá ń jó igbó, waya àtijọ́ yẹn ni àwọn fi ń pe ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ fún AT&T.