Fíìmù Ìdílé: Láti Orí Ògiri Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà sínimá tó ń lo fíìmù mìlímítà 16 jáde fún ẹni tó kàn fẹ́ ya ìyàwó, ọmọ àti àlejò rẹ̀. Olówó ló kọ́kọ́ rà á. Nígbà tó di 1932, fíìmù mìlímítà 8 dé, owó rẹ̀ sì rọjú. Super 8 tẹ̀lé e ní 1965, nínú ike tí ọmọdé pàápàá lè ki bọ kámẹ́rà.

Ohun tí wọ́n fi yà kì í ṣe kékeré. Láàárín 1924 sí 1928, Solomon Sir Jones, àlùfáà Onítẹ̀bọmi tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gbé kámẹ́rà káàkiri ìpínlẹ̀ Oklahoma, ó ń ya ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 1921 ni àwọn aláwọ̀ funfun dáná sun Greenwood, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tulsa, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Síbẹ̀, ẹ wo fíìmù Jones, ẹ ó rí aláwọ̀ dúdú tó múra dáadáa, tó ń ṣòwò, tó ń jáde ìsìn. Ní 2016, wọ́n fi fíìmù rẹ̀ kún àwọn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ pa mọ́.

Fídíò ló dá wàhálà sílẹ̀, ní nǹkan bí 1980. Àwọn ìdílé ń tan fíìmù sára ògiri, wọ́n ń kọ kámẹ́rà fídíò sí i, kó lè wọ káséẹ̀tì. Àwòrán 16 tàbí 18 ni fíìmù ilé ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò Amẹ́ríkà ń ya 30. Àwọn méjèèjì kò bára mu, àwòrán á máa ṣẹ́ wìrìwìrì, àwọ̀ á ṣá. Síbẹ̀ àwọn kan da fíìmù nù, wọ́n ní káséẹ̀tì ti tó. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Káséẹ̀tì pàápàá kò pẹ́: ní 2016, Funai ti ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń lo káséẹ̀tì náà, dáwọ́ dúró.

Ẹ̀rọ tòní tó ń gbé fíìmù sínú kọ̀ǹpútà kò nílò ògiri. Ó ń fi rọ́là rírọ̀ fa fíìmù lọ, ó ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ níwájú iná tí kò gbóná, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yára tó nígbà tí wọ́n yà wọ́n. Nítorí pé kò fi eyín kọ́ ihò etí fíìmù, èyí tó ti súnkì náà lè kọjá. Ẹni tó pa fíìmù rẹ̀ mọ́ ló ń jàǹfààní yìí. Ẹni tí káséẹ̀tì nìkan ṣẹ́ kù fún, ìwọ̀nba ohun tí kámẹ́rà ìgbà náà rí ni yóò máa wò.

Ooru àti ọ̀rinrin kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣeé fi falẹ̀. Wọ́n ń ba fíìmù jẹ́ láti inú wá. Tí ẹ bá ṣí agolo, tí òórùn ọtí kíkan gba imú yín, fíìmù inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn; òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù, torí ó lè ràn wọ́n. Tó bá yà á tán, ẹ gba fíìmù yín padà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tó sì gbẹ.