Gáàsì inú ààtàn: bí pàǹtí ṣe ń di iná mọ̀nàmọ́ná àti ooru

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ ní ààtàn Olúṣósùn tó wà ní Ọ̀jọ́ta, nílùú Èkó. Èéfín bo àdúgbò, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni wọ́n fi bá iná ọ̀hún fà á. Iná ààtàn kì í tètè kú bí iná ilé. Kì í ṣe pàǹtí tó wà lókè nìkan ló ń jó: gáàsì wà nínú òkìtì náà tó ń fún iná lóúnjẹ.

Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ìlú kan lágbàáyé ti ń fà jáde láti ohun tó lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n ń fi pèsè iná mọ̀nàmọ́ná àti ooru. Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ kì í ṣàdédé jáde. Ẹnì kan ní láti lọ ọkà, kó sẹ́ ẹ, kó sì dáná sí i. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ gáàsì ààtàn rí.

Báwo ni pàǹtí ṣe ń di gáàsì?

Èèpo iṣu, oúnjẹ tó ti kan, ewé, páálí àti bébà, oúnjẹ ni gbogbo wọn jẹ́ fún àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Tí pàǹtí míì bá gorí wọn, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé mọ́, àwọn kòkòrò tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló máa gba iṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe ń jẹ pàǹtí náà ni wọ́n ń tú gáàsì sílẹ̀.

Nǹkan bí ìdajì gáàsì náà ni methane, òun ló sì ń jó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni carbon dioxide. Methane yìí náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ ní Niger Delta. Kì í ṣe irú gáàsì tó wà nínú sílíńdà ìdáná.

Láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan tí wọ́n bá ti da pàǹtí sílẹ̀ ni methane máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó lè máa jáde fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ààtàn náà pa. Ike àti ọ̀rá kò mú gáàsì yìí wá, torí àwọn kòkòrò náà ò rí wọn jẹ.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá kó o ńkọ́?

Yóò jáde bákan náà. Tó bá dé òfurufú, agbára tí methane fi ń mú ayé gbóná jẹ́ ìlọ́po 28 ti carbon dioxide, tí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ìṣirò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ogún ọdún ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ó lé ní ìlọ́po 80.

Ó tún lè gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé tọ èèyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1986, ní abúlé Loscoe ní Derbyshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gáàsì láti ààtàn kan tó wà nítòsí rìn dé abẹ́ ilé kan, ilé náà sì bú gbàmù. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ilé fara pa gan-an. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni wọ́n mú ìlànà lórí gáàsì ààtàn le sí i lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n ṣe ń fà á jáde

Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ tàbí rọ́bà tó nípọn bo òkìtì náà, kí gáàsì má baà sá lọ, kí omi òjò má sì wọlé jù. Wọ́n á wá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ kànga, wọ́n á ki páìpù tí wọ́n ti lu ihò sí lára bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kan á máa fa gáàsì láti inú gbogbo páìpù wọ̀nyí jọ sójú kan. Fífà náà gba ọgbọ́n o: bí wọ́n bá fà á jù, afẹ́fẹ́ á wọ inú òkìtì, iná sì lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ omi inú gáàsì náà. Wọ́n á tún yọ hydrogen sulphide, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó sì ń jẹ irin. Àwọn èròjà kan tó wá láti ara ìpara àti ọṣẹ ìfọrun náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, ṣe ni wọ́n ń di nǹkan bíi yanrìn tó ń ha irin. Ìgbà tí gáàsì bá mọ́ tó ni wọ́n á tó gbé e fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí jẹnẹrétọ̀.

Ooru tó ń ṣòfò

Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n agbára tó wà nínú gáàsì, nǹkan bí 40 ni ẹ́ńjìnnì tó dáa lè sọ di iná mọ̀nàmọ́ná. Ìyókù di ooru, tó ń bá sáléńsà àti omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì jáde. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ mọ ooru tí à ń wí. Tí wọ́n bá gba ooru yẹn lò pẹ̀lú iná, ohun tí wọ́n ń rí lò nínú ọgọ́rùn-ún lè lé ní 80.

Ilé-iṣẹ́ BMW tó ń ṣe mọ́tò ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Páìpù tó gùn tó máìlì mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló ń gbé gáàsì wá láti ààtàn, ilé-iṣẹ́ náà sì ń rí iná àti omi gbígbóná nínú rẹ̀. Ní Copenhagen, ilé-iṣẹ́ Amager Bakke ń jó pàǹtí fúnra rẹ̀, ó ń pèsè iná, ó sì ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ sáwọn ilé nígbà òtútù.

Nílẹ̀ olóoru, ta ló fẹ́ ooru? Àwọn tó ń gbẹ fùláwà ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń ṣe wàrà tàbí ọtí, àti àwọn tó ń fọṣọ fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tún wà tó ń fi ooru ṣe òtútù fún yàrá tí wọ́n ń kó ẹja àti èso sí. Ṣùgbọ́n ooru ò ṣeé gbé rìn jìnnà bí iná. Ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ohun tí Durban àti Addis Ababa kọ́ni

Ní Durban, ní South Africa, ìjọba ìlú gbé ẹ́ńjìnnì sí ààtàn Mariannhill àti Bisasar Road, tí iná tó ń tibẹ̀ wá tó nǹkan bí mẹ́gáwáàtì méje ààbọ̀. Àárín ilé àwọn èèyàn ni Bisasar Road wà. Sajida Khan, tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán ààtàn náà, ta ko iṣẹ́ gáàsì ọ̀hún gbọnmọgbọnmọ. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí wọ́n ti ààtàn náà pa, torí ó gbà pé owó gáàsì á di àwáwí láti máa lò ó lọ. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á lọ́dún 2007. Ìbéèrè rẹ̀ ò kú: ta ni yóò jẹ èrè iná, ta ni yóò máa gbóòórùn?

Ní Addis Ababa, òkìtì ààtàn Koshe ya lulẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ó sì pa èèyàn tó lé ní 110. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Reppie síbẹ̀ láti máa jó pàǹtí fún iná mọ̀nàmọ́ná. Àmọ́ pàǹtí tó kún fún oúnjẹ àti omi ò jó dáadáa. Apá kan nínú ooru rẹ̀ ló ń lọ sórí gbígbẹ omi ara rẹ̀. Irú pàǹtí tútù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kòkòrò sì mọ̀ ọ́n jẹ ju iná lọ.

Nílé ńkọ́?

Iye tí LAWMA máa ń sọ fún Èkó ni tọ́ọ̀nù pàǹtí 13,000 lójúmọ́. Ìbàdàn ní ààtàn ìjọba ní Awótán, Lápítẹ̀, Ajákáńgà àti Aba-Ẹ̀kú. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣètò iná tiwọn.

Tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan bá wá kéde pé àwọn fẹ́ sọ ààtàn di iná, ó yẹ kí aráàlú béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé wọ́n á bo òkìtì náà kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì wá? Ta ló máa ra iná àti ooru rẹ̀, ṣé ó sì wà nítòsí? Kí ni wọ́n ṣètò fún àwọn tó ń ṣa bọ́lá, tí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti ààtàn náà pa? Ìkéde tí kò bá ní èsì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kọ tí wọn ò tíì lọ ọkà rẹ̀ ni.